Àlàbá Ń Bọ̀ Wálé, Ṣùgbọ́n Kò Ní Sọ̀rọ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àìrí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ajégúnlẹ̀ níbí. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, mo sì kí olùkọ́ tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ará ìlú wa.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí òjò kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì wá ṣì tò rẹrẹ lójú omi ní Àpápá, fèrè wọn kì í jẹ́ kí a ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni kí n gba ohùn olórin sórí téèpù, kí n sì yan èyí tí yóò wọ inú àwo. Bí fèrè bá dún, a ó dúró. Bí ó bá dákẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, bí wọ́n tiẹ̀ dákẹ́, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo tún ń lọ dúró sójú fèrèsé.

Nítorí Àlàbá, àbúrò mi, ni. Ẹ ti gbọ́ pé ó di gbajúmọ̀ níbí. Àwọn orin oko tí ẹ kọ́ wa ló ń fi gìtá oníná kọ, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin ní Bọ́ńdárì, ní Ajégúnlẹ̀ níbí, wọ́n máa ń jiyàn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé lórí èyí tó kọ dára jù. Sísí Bísí, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ọkọ̀ òkun, ní “Omi Kànga” ni, àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, kò fi ipá fa ọ̀rọ̀ kankan. Bọ̀ọ̀dá Sùnmọ́nù tó ń wa kireni tó ń gbé ẹrù ọkọ̀ òkun ní wáàfù ní rárá, “Ọ̀nà Oko” ni, níbi tí ohùn Àlàbá ti já nígbà tó pe “ìyá mi”. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ariwo táípù láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló mọ̀ nípa orin? Bísí ní kí bọ̀ọ̀dá má bínú, etí táípù sàn ju etí tí kireni ti lù fọ́ lọ. Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Sùnmọ́nù ni ọ̀pọ̀ wà. Wọ́n ní kí èmi injiníà dá ẹjọ́ náà fún àwọn. Mo ní mi ò mọ èyí tó dára jù. Irọ́ ni mo pa.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àlàbá kọ “Ọ̀nà Oko” lọ́jọ́ tí a gbà á. Ibà ń ṣe é. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dára. Nínú ìkẹrin, ohùn rẹ̀ já. Mo mọ̀ pé ọ̀fun tó ti ṣèṣe ló ń dún bẹ́ẹ̀, nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ etí mi láti mọ̀. Síbẹ̀ omi bọ́ lójú mi, ìkẹrin náà ni mo sì yàn. Àwo náà tà, ọ̀gá mi yìn mí. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí Àlàbá bá ti kọrin ni wọ́n ti ń kígbe pé kí ohùn yẹn já. Ó sì ń fi ipá já a fún wọn.

Dókítà ti fi dígí wo ọ̀fun rẹ̀. Awọ tín-ínrín méjì wà nínú ọ̀fun wa, tí wọ́n máa ń gbọ̀n lára wọn bí a bá ń sọ̀rọ̀. Kókó ti yọ lára ti Àlàbá. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá fún oṣù mẹ́ta, kódà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ń ni awọ yẹn lára. Bí kò bá sinmi, ó lè má kọrin mọ́ láéláé.

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ohùn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn nìyẹn. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo mú un lọ síbi iṣẹ́, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bò ó létí, mo ní kí ó má fetí sí ọ̀rọ̀ orin, èémí tó ń fà kí ọ̀rọ̀ tó jáde ni kí ó máa gbọ́. Nínú “Omi Kànga”, èémí náà wọlé jẹ́jẹ́. Nínú “Ọ̀nà Oko”, ó ń dún bí ìgbà tí ayùn ń rẹ́ igi. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ ẹ̀rọ náà kúrò, ó wò mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ mọ̀ nígbà náà, ẹ sì fi síbẹ̀?”

Mo ní mo mọ̀.

Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò mọ̀ bóyá dókítà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ni, tàbí èmi ni kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Yàrá kan náà la jọ ń gbé. Mo fi lẹ́tà yìí hàn án kí n tó gbé e jáde. Ó kà á tán, kò pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀, ó dá a padà fún mi.

Yóò délé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ láti wá sinmi oṣù mẹ́ta náà. Bí ó bá dọ̀bálẹ̀ tí kò la ẹnu kí yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin àti Bàbá má pè é ní aláfojúdi. Kí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì má ní kí ó gbé orin ìkórè. Ẹ̀yin olólùfẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, ẹ má béèrè fún “Ọ̀nà Oko” mọ́. Bísí ló gbọ́ orin dáadáa.

Màmá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ì báà jẹ́ èébú sí mi, ẹ ní kí olùkọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ó fún yín ní ìlera àti ọkàn ìfàyàbalẹ̀. Ẹ bá mi kí tilé toko, kí ẹ má gbàgbé ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìdòwú