Ayàwòrán Tó Wá Kun Ilé Iṣẹ́ Òwú

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Báwo ni iṣẹ́, báwo sì ni àwọn tí ẹ jọ ń gun àtẹ̀gùn gígùn yẹn? Mo mọ̀ pé dáadáa ni wàá ní o wà, torí náà mo ti bá ọ dáhùn, mo sì ti dúpẹ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n kọ ìkíni tòun ṣáájú tèmi, ṣùgbọ́n mo ti kọ tèmi tán kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà nígbà tí o bá ń kà á, jọ̀wọ́, fi tirẹ̀ síwájú. Àdúrà wa ni pé ọ̀nà tí o bá gbà jáde láàárọ̀, kó máa mọ̀ ọ́ nígbà tí o bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Àmín.

Nílé níbí, kò sí láburú. Ológbò bímọ sínú bàtà iṣẹ́ mi, ìyá rẹ sì ní mi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí àwọn ọmọ náà á fi lajú. Slípáàsì ni mo ń wọ̀ káàkiri báyìí bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú kálàmù gan-an, ti ilé iṣẹ́ òwú ni.

Ṣé o rántí pé níbẹ̀ ni mo ti ń koná mọ́ bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tó ń se omi kí ẹ̀rọ lè máa yí? O ṣì kéré nígbà tí wọ́n tì í pa. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ mi ò ti tẹ ọ̀nà etí odò tó lọ síbẹ̀ mọ́. Bí mo bá ń lọ gẹ irun, ẹ̀yìn ilé ìwé ni mò ń gbà yí po, ìyá rẹ á ní mò ń fẹsẹ̀ ṣòfò, èmi á ní atẹ́gùn ni mò ń gbà. Kì í ṣe pé mò ń bínú o. Ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn fi gbogbo agbára ẹ̀ mú gbóná, tó bá wá tutù, kì í dùn ún wò.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé wọ́n ti ń sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Wọ́n gé igbó ẹ̀, wọ́n fi dígí sí òrùlé, wọ́n gbin òdòdó sáàárín àwọn táyà irin ẹ̀rọ àtijọ́. Ó ní wọ́n tún kọ ọ́ sára ògiri pé Wáìfáì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn ẹ̀, ìyá rẹ gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní irú wáìfù wo ni wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní òun fúnra òun ló máa lọ wo ibẹ̀, kí èmi jókòó sílé.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé onígbàjámọ̀ ní ayàwòrán kan ń bọ̀ wá kun ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ṣí i. Mo ní àṣeyọrí nìyẹn, torí ògiri yẹn ò rí ọ̀dà láti ìgbà ayé ọ̀gá wa àkọ́kọ́. Ìyá rẹ lọ wò ó, ó sì padà wá pẹ̀lú ìròyìn tí kò dáa. Ó ní ayàwòrán ti dé lóòótọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ẹ̀ ò ju ìrù èkúté lọ, aṣọ kékeré kan tí wọ́n nà mọ́ igi ló sì ń kùn. Ògiri ò tíì rí ẹ̀kán kan. Mo ní bóyá ó ń dán ọ̀dà wò ni. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ìyá rẹ ń lọ, ó ń bọ̀, ògiri wà bó ṣe wà. Ó ní obìnrin náà á sún sẹ́yìn, á di ojú kan, á wo ògiri, á mí kanlẹ̀.

Ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Mo mọ irú èémí yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń mí lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá ń pè wá wọ ọ́fíìsì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá wọlé á jáde pẹ̀lú fìlà ẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ ti ju agbára ọmọ ọlọ́mọ lọ, bí ọjọ́ ìṣílé bá pé tí ògiri ò tíì funfun, wọ́n á lé e. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó bá wa bẹ̀bẹ̀. Ni mo bá gbé ọ̀dà funfun tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun yàrá, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ńlá, mo gbé àkàbà lé èjìká, mo sì gba ọ̀nà etí odò láàárọ̀ kùtù.

Lẹ́nu géètì, wọ́n lẹ páálí onígun mẹ́rin kan mọ́ òpó, dúdú àti funfun wínníwínní bí aṣọ tí a ń hun tẹ́lẹ̀. Àwọn méjì tó ń sáré ìdárayá dúró, wọ́n na fóònù sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n lọ. Èmi náà na tèmi sí i. Kò dá mi lóhùn. Mo kí i pé ẹ káàárọ̀, mo sì kọjá, mo ní bóyá kò tíì mọ̀ mí.

Nígbà tí mo wọ gbọ̀ngàn bọ́ílà, mo dúró díẹ̀. Oòrùn ń gba òrùlé wọlé sí ibi tó jẹ́ pé iná nìkan ni ìmọ́lẹ̀ wa. Bọ́ílà mi wà níbẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, mo sì fi í síbẹ̀ pẹ́, torí ní gbogbo ọdún tí mo fi bá a ṣiṣẹ́, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí ògiri. Ó dọ̀tí kọjá àfẹnusọ. Omi ìpẹtà ti ṣàn pupa láti ara àwọn irin, ewé wẹ́wẹ́ ti hù sáàárín bíríkì. Mo ha á, mo kùn ún, mò ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Obìnrin náà dé bá mi lórí àkàbà. Àpò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ dúpẹ́, àwa òṣìṣẹ́ la mọ bó ṣe ń rí. Àṣé kì í ṣe ọpẹ́ ló fẹ́ dú. Ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀ sáré wọlé, ó ń bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ó ní ìpẹtà yẹn gan-an, àti ewé yẹn, ni obìnrin náà ń yà láti ọjọ́ yìí, pé ẹwà ni, pé àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́ lọ́jọ́ ìṣílé ni, ó sì dárúkọ ọlọ́pàá.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n ṣàánú mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. Obìnrin náà bi mí pé ta ni wọ́n lé. Mo ní àwa ni, gbogbo wa, nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó wò mí títí. Ó wá sọ fún ọ̀gá pé kó fi mí sílẹ̀, ó ní kí n dìde, kí n kun ìyókù, torí ògiri ò lè wà ní àbọ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Òun gbé aṣọ mìíràn ka orí igi, ó jókòó sẹ́yìn mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ wo ọmọ yìí, èmi ń bá a ṣiṣẹ́, òun fi ìdí kalẹ̀.

Lọ́jọ́ ìṣílé, ìyá rẹ fà mí dé iwájú àwòrán. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tó ń kun ògiri, ìpẹtà díẹ̀ ṣì ń pọ́n ní igun kan. Mo ní ta nìyí. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú, ó ní ṣé mi ò mọ ẹ̀yìn ara mi ni. Mo ní ta ló ti pàdé ẹ̀yìn ara ẹ̀ rí?

Ibẹ̀ ni a wà tí bàbá ahunṣọ fi dé. O lè má rántí wọn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ tiwọn wà. Láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú ni wọn kì í ti jáde, ojú wọn ò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n sún mọ́ àwòrán náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn rèé. Wọ́n ní ẹ wo èjìká òsì tó rẹlẹ̀, èjìká tí àwọn fi ń ti ẹ̀rọ nìyẹn, àṣé ẹnì kan ń wo àwọn. Omi ń bọ́ lójú wọn. Ìyá rẹ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Obìnrin ayàwòrán wo èmi, ó wo bàbá, ó sì kí bàbá pé wọ́n kú iṣẹ́.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jáde wá báyìí. Iwájú àwòrán ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á fi ọ̀pá tọ́ka, àwọn àlejò á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn yà wọ́n ní fọ́tò. Ìyá rẹ ní mo gbé iyì mi fún ẹlòmíràn. Mo ní bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn gbogbo wa ló jọra. Èmi náà ń jókòó tì wọ́n, a sì ń fi àwọn ọ̀gá wa ìgbà náà rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí agbára rẹ bá gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àga gidi kan síbẹ̀. Bẹ́ǹṣì pẹlẹbẹ ni wọ́n fún wa, ìdí sì ń ro bàbá. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀. Mo ní ilé iṣẹ́ yìí lé wa lọ láìsí owó ìfẹ̀yìntì, ó kéré tán, kí àga ibẹ̀ ní ibi tí a lè fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ rẹ kò ní tutù mọ́ ọ lọ́wọ́. Níbi tí o bá ń làágùn sí, wọ́n á mọ orúkọ rẹ. Má pẹ́ kí o tó wá wò wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.