Afẹ́fẹ́ Inú Egungun Ìbàdí Màmá

Ajé, 5 Fébúárì 2024
Ìbàdí òsì ṣì ń dun Màmá, ọjọ́ karùn-ún nìyí. Ara gbóná: 38.6. Àǹtí Moyọ̀sọ́lá, àbúrò Màmá, ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Òun ni mo ń pè ní Agbẹnusọ nínú ìwé yìí — tí wọ́n bá bi mí ní orúkọ mi, òun ni yóò dáhùn. Òun náà ló ni ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì tí mo ti ń bá a tajà ní Mushin. Ó mú oògùn wá, ó ní kí n gún Màmá. Ìdí ọ̀tún. Mo bó lébẹ́ẹ̀lì ìgò rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí.

Ìṣẹ́gun, 6
Abẹ́rẹ́ kejì. 38.2.

Ọjọ́rú, 7
Ẹ̀kẹta. 37.5. Agbẹnusọ ń yangàn. Ṣùgbọ́n Màmá ò lè fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná jó ìbàdí náà — igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Oògùn ṣúgà rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Kò lò ó láti Àbámẹ́ta.

Ẹtì, 9
Ọsibítù. Ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sókè jù. Dókítà Ìrètí — ọ̀dọ́, kì í rẹ́rìn-ín, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bíi tèmi — béèrè ohun tí Màmá ti lò nílé. Agbẹnusọ ní pàrásítámọ́ọ̀lù nìkan. Màmá dijú. Èmi ń ka táìlì ilẹ̀. Mẹ́rìnlá, láti bẹ́ẹ̀dì dé ilẹ̀kùn.
Ẹ́síréè ò fi nǹkan kan hàn.

Àìkú, 11
39.4. Kò dá mi mọ̀.

Ajé, 12
Wọ́n ti Màmá wọnú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara. Dókítà pè mí wá wo kọ̀ǹpútà. Egungun ìbàdí òsì kún fún ihò dúdú wẹ́wẹ́, bí inú búrẹ́dì. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Kòkòrò àrùn kan ń jẹ egungun, ó ń tú afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ṣúgà tó pọ̀ lára ló gbà á láàyè. Òun fúnra ẹ̀ ò rí irú ẹ̀ rí, inú ìwé ló ti kà á. Ó lè pa èèyàn — kò fi bò. Wọ́n ń fa oògùn sí i lára.

Ìṣẹ́gun, 13
Màmá lajú díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un.
"Afẹ́fẹ́ kẹ̀? Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí gbá bọ́ọ̀lù ni?"
Ó tún sùn lọ.

Ọjọ́bọ̀, 15
39.1. Oògùn ò ràn án. Kòkòrò kankan ò hù nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà ní ó jọ pé oògùn kan ti kọ́kọ́ kan kòkòrò náà nílé. Tí òun bá mọ èyí tó jẹ́, òun á mọ èyí tí òun á fi rọ́pò. Ó tún béèrè. Agbẹnusọ ní àwọn ti sọ tẹnu àwọn. Ní kọ́rídọ̀, ó fà mí lápá.
"Ta ló di abẹ́rẹ́ mú? Panu ẹ mọ́."
Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ló ń rò. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kú lọ.

Ẹtì, 16
Mo dúró de Dókítà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo ṣí ìwé yìí sí 5 Fébúárì, mo nà án sí i. Ó ka lébẹ́ẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì.
"Ta ló gún un?"
"Èmi ni, mà."
Kò bú mi. Ó ní ẹbí kan náà ni oògùn yẹn àti èyí tí àwọn ń lò. Kòkòrò náà ti borí ẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀ lójú mi. Lọ́la wọ́n á là á, wọ́n á ha egungun tó ti bàjẹ́ kúrò.
Agbẹnusọ gbọ́. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Àbámẹ́ta, 17
Wákàtí mẹ́ta. Ó jáde láàyè.

Ìṣẹ́gun, 20
Kòkòrò hù lára egungun tí wọ́n ha. Oògùn tuntun ló ká a. 37.4.

Ọjọ́bọ̀, 22
36.9. Màmá mu ògì. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ti sọ fún Dókítà. Ó gbé ife ògì sílẹ̀.
"Èmi ni mo bẹ Moyọ̀ kó má sọ. Inú táksí, ká tó débí. Mo ní wọ́n á mú ọ."
Ó wo ilẹ̀kùn. Ó ní ṣé àbúrò òun ti yà lónìí.
Àǹtí ò gbé fóònù mi láti Ẹtì.
Mo fa igi lé orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí. Ibi márùn-ún.