Tẹlifóònù Tó Dún Nínú Dùùrù

Ọjọ́rú, 7 Ọ̀wàwà 1998

Ó dé! Kọ̀ǹpútà, kíbọ́ọ̀dù méjì, àti wáyà tó pọ̀ ju ìfun ewúrẹ́ lọ. Ọmọ ìjọ wa kan ló fi ránṣẹ́ láti London. Bí mo bá tẹ kíbọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà á dún bí dùùrù ńlá onífèrè, bẹ́ẹ̀ kò sí fèrè kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Olúgbénga tó ń tún rédíò ṣe ní Ìgèdè, ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ó ní wáyà tí wọ́n ń pè ní MIDI ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìka mi lọ fún kọ̀ǹpútà. Kí n tó dé, àwọn ìyá ìjọ ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa bo ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnìkan kì í tú ìfun síta nílé Ọlọ́run.

Mo sọ ọ́ ní Àlejò. Inú mi dùn débi pé n kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ọ̀wàwà

Baba Húùn wá. (Baba Ìjọ wa, Baba Ayọ̀rìndé. Kò sí ọ̀rọ̀ tí wọn kì í fi “húùn” ṣíde.) Wọn kò fẹ́ kí obìnrin máa tẹ dùùrù. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin ló ń jókòó síbẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa bí ọmọ tí a kọ́. Mo dìde, mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ẹyẹ! Gbogbo ẹyẹ igbó Èkìtì ló ń ké nínú ẹ̀rọ.

“Húùn. Dùnmínínú, ṣé uṣẹ́ Ọlọ́run lo fẹ́ ṣe níhìn-ín àbí uṣẹ́ ọdẹ?” Wọ́n ní ọjọ́ Àìkú 25 ni ìyàsímímọ́ dùùrù tuntun. Bí ẹ̀rọ yìí bá dójú ti ìjọ lọ́jọ́ náà, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á sì mú ọkùnrin kan wá láti Ìgbẹmọ wá jókòó sórí àga mi.

Àga MI.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Ọ̀wàwà

Mo tẹ̀ ẹ́ títí ọrùn fi ń ro mí. Kò ṣe nǹkan kan. Ó ń dún bí áńgẹ́lì. Ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Ọ̀wàwà

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Lẹ́yìn ìwàásù, Baba Húùn wá sọ nọ́ńbà orin ìparí fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Mo padà sórí àga, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé e —

Gbírrrr! Gbírrrr!

Tẹlifóònù. Gbogbo ìjọ yíjú. Baba Húùn ṣì dúró tì mí. Ìyá àgbàlagbà kan ní ìjókòó iwájú ló kígbe pé, “Yéè! Ta ni wọ́n ń pè látòkè?” Gbogbo ojú bá lọ sára Baba. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n fi ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n ń lọ sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Ọ̀wàwà

Olúgbénga wá. A bọ ara wa lọ́wọ́, ó jókòó ti ẹ̀rọ. Ó ní bóyá kíbọ́ọ̀dù méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà kan náà ni kọ̀ǹpútà ò fi mọ èyí tí yóò gbọ́. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú gbogbo ihò. Kò rí àìsàn kankan. Ó jẹ iṣu mi, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí kì í ṣe é lójú Olúgbénga? Àgbà nìkan ni Àlejò ń rí fín.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Ọ̀wàwà

Akápò ìjọ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà kọjá níwájú dùùrù.

Ọjọ́ Àìkú, 18 Ọ̀wàwà

Baba Húùn kò wá. Wọ́n ní wọ́n ti ń pín agbádá wọn fún àwọn ọmọ. Àlejò dún dáadáa látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n fi àga mi sílẹ̀ ni, n kò ní kí wọ́n kú.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ọ̀wàwà

Mo rí i!! Ọlọ́run mi, mo rí i.

Ìyàwó Baba Húùn ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Baba ò jẹun mọ́, wọ́n ń retí ìpè kejì. Mama ní kí n bẹ ẹ̀rọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo padà, mo tẹ̀ ẹ́ — hẹlikọ́pítà! Mama dojú bolẹ̀ sábẹ́ ìjókòó. Wọ́n ní ó ti wá gbé ọkọ àwọn.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò. Ẹyẹ: mo kúnlẹ̀. Tẹlifóònù: mo kúnlẹ̀. N kì í kúnlẹ̀ fún Olúgbénga! Mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Àpótí dúdú kékeré kan wà níbi tí orúnkún mi ń bà, wáyà MIDI ní ìdí rẹ̀: ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á bọ́ sórí ohùn tó kàn. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà tí a tún tàn án, á padà di dùùrù, ṣùgbọ́n àpótí náà kì í gbàgbé ibi tó kà á dé. Ẹ̀kọ́ ilé rere ló fẹ́ pa Baba Húùn.

Mama rẹ́rìn-ín títí ìró wọn fi tú. Mo ní ká lọ ṣàlàyé fún Baba. Mama ní ká má wulẹ̀ dán an wò, Baba á ní a ń tu òun nínú ni. A jọ wo ìwé ẹ̀rọ. Ohùn tó kàn lẹ́yìn hẹlikọ́pítà, àtẹ́wọ́ ni. Mama wò mí. Mo wo Mama. Mo dá kápẹ́ẹ̀tì padà.

Ohùn tó kẹ́yìn wà lábẹ́ àtẹ́wọ́ nínú ìwé náà. A ò kà á débẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Ọ̀wàwà



Mama fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Baba Húùn wá ni. Wọ́n ti rù. Wọ́n dúró lókèèrè, àmọ́ Baba Ìjọ ló gbọ́dọ̀ fa dùùrù lé ìjọ lọ́wọ́, wọ́n bá ń yọ́ bọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara mi. Mo dìde, mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́.

Àtẹ́wọ́! Ó kún ṣọ́ọ̀ṣì bámúbámú. Àwọn èèyàn náà dìde, wọ́n ń pa tiwọn mọ́ ọn.

“Húùn,” ni Baba wí. “Ṣé èmi ni?”

“Ẹ̀yin ni!” Mama kígbe látẹ̀yìn.

Omijé bọ́ lójú Baba. Tèmi náà bọ́. Ì bá dára ká parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníwàásù àlejò wa, Àlùfáà Adéyẹyè, kò lè rí ibi tí wọ́n ti ń yin ẹlòmíràn kó má dé ibẹ̀. Ó wọ́ aṣọ rẹ̀ nílẹ̀ wá, ó nawọ́ sí orí mi kó lè súre, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ. Mo fẹ́ fi orúnkún kan kúnlẹ̀, èyí tí kò ní ba àpótí. Ojú àwọn ìyá ìjọ wà lára mi. Èkejì bá a lọ.

Mo jókòó. Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ — bí ẹni tí kò fẹ́ kó gbọ́.

GBÀÀÀ! Ìbọn.

Gbogbo ìjọ wà nílẹ̀. Àlùfáà Adéyẹyè wà lábẹ́ àga ìwàásù, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé òun máa dá a padà, òun máa dá a padà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè pé kí ni. Baba Húùn nìkan ló dúró láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, tóbi tóbi, bí ẹni tí wọ́n ti ṣírò tirẹ̀ tán.

Wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní tèmi ni àga náà títí ayé. Wọ́n wá tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sọ sí mi létí: “Húùn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe o.”