Tìmùtìmù Abẹ́ Àpò Kòkó

Ìyá Mùtíátù,

Mo ti gbé lọ́rì lọ sí Kuta. Tìmùtìmù tí o rán fún ẹ̀yìn mi, tí mo ní mo ti fi ta àlejò lọ́rẹ, irọ́ ni mo pa. Láti ọjọ́ Àlàmísì ni mo ti ń jókòó lé e nínú lọ́rì. Àpò kòkó ni mo fi bò ó, kí àwọn dírẹ́bà ní gárèèjì má baà máa pè mí ní ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Àṣírí tú lánàá. Mùkáílà tó ń wa lọ́rì kejì ká àpò náà kúrò, ó sì ń fọwọ́ tẹ awọ àgbò Iléyá tí o fi rán an. Mo ti ń retí yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló bá yín ṣe èyí? Pákó ìjókòó tèmi ti fẹ́ sọ mí di arọ!" Mo pariwo kí gbogbo gárèèjì lè gbọ́: "Ìyàwó mi ni!"

Ẹni mẹ́ta ló ń fẹ́ irú rẹ̀. Mo ti gbà láì bi ọ́, má bínú. Wá òwú sílẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí tiwọn rọ̀ ju tèmi lọ o.

Nígbà tí mo kírun àsùbáà láàárọ̀ yìí, ìrora tó máa ń ta mí láti ìbàdí dé gìgísẹ̀ kò ta rárá. Mo dìde láti ìforíkanlẹ̀ láì di ògiri mú. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá o rí mi, àṣé o ti lọ pọn omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí sílẹ̀ fún ọ.

Bàbá Mùtíátù