Ìdáhùn Tí Mo Fún Madame Sandrine

Amoutivé, Lomé,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Tẹniọlá,

Mo kí ọ lọ́nà jíjìn. Báwo ni Doha? Báwo ni ooru ibẹ̀, báwo sì ni àwọn ọmọ olówó tí o ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì? Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé o ń jẹun, pé o sì ń rí oorun sùn. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ara mi le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ẹsẹ̀ dídùn tó máa ń yọ mí lẹ́nu lásìkò òjò ti fi mí sílẹ̀. Gbogbo ilé wà lálàáfíà, Ọláwálé ọmọ mi náà ń jẹ, ó ń mu.

O ó ti rí i pé n kò kọ “Ìyàwó mi” sókè lẹ́tà yìí bí mo ṣe máa ń pè ọ́. Má rò pé mo gbàgbé. Fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú Yorùbá tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìsìlámíyátù tó ń ta aṣọ òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ni yóò ya fọ́tò rẹ̀ tí yóò fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ.

Jẹ́ kí n mú ọ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ẹni tó bá dé òkè òkun a máa tètè gbàgbé. Nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Tokoin, ìyà jẹ ọ́, n kò ní sẹ́ ìyẹn. Ọ̀sán ni o fi ń kọ́ àwọn ọmọ wẹẹrẹ ní école, ilé ìwé aládàáni, ìrọ̀lẹ́ ni o fi ń lọ sí kíláàsì tìrẹ. Ọláwálé ló ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé ọ lọ, òun ló ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kódà bí òjò bá ń pa á. O máa ń sọ fún wa pé bí ìwé ẹ̀rí yẹn bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sí orílẹ̀-èdè tí ilé ìwé rẹ̀ kò ní gbà ọ́, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì jọ lọ. A gbà ọ́ gbọ́. A ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yín sí oṣù Kejìlá, nígbà tí o bá wálé fún ọdún.

Nígbà tí ìdánwò ìkẹyìn kù sí dẹ̀dẹ̀, o wá bá mi ní ìsọ̀ mi lọ́jà Hédzranawoé. O kúnlẹ̀ láàárín àga àti bẹ́ẹ̀dì àlòkù tí mo ń tà. O ní o gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá lójú ẹni tó ń dánwò, pé ìyá kan nínú wọn ti lọ sí Cotonou, kò sì padà. O ní, “Màmá wa, ẹ gbà mí. Ẹ kàn wá jókòó ni.” Mo ti ìsọ̀ mi lọ́jọ́ tí ọjà kún. Mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, èyí tí mo ń fi pamọ́ de ọjọ́ yín. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn láti lọ. Mo ń rò ó pé bí ẹ bá bímọ sókè òkun, èmi ni n ó wá wẹ ọmọ fún yín, ó sì yẹ kí n lè bá nọ́ọ̀sì wọn sọ̀rọ̀.

Mo jókòó níwájú. O bi mí lórúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì gbọ́ ọ. Mo dáhùn pé Ìyá Ọláwálé, nítorí orúkọ tí wọ́n mọ̀ mí sí nìyẹn ní gbogbo ọjà. O mi orí. O tún bi mí, mo tún sọ ọ́. Ìwọ tí o ń pe àbúrò Ọláwálé, ọmọ tó ṣì ń wọ kákì lọ sílé ìwé, ní “Akọ̀wé” nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìwọ yẹn náà lo nawọ́ sí mi tí o ní Kíkẹ́lọmọ. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. O kọ ọ́ sójú pátákó. O ní kí gbogbo kíláàsì pè é pọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù zémidjan kérò, àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ irun, gbogbo wọn yanu, wọ́n ní “Kíkẹ́lọmọ! Kíkẹ́lọmọ!” ìwọ sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Mo gbé ìyẹn mì. Mo sọ fún ara mi pé bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí nìyẹn, pé òyìnbó ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyá rẹ. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ohun tí n kò lè gbé mì ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Madame Sandrine, obìnrin tó ń dán yín wò, dá ọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń mu omi. Ó bi ọ́ ní Faransé bóyá ìyá tó wọ léèsì yẹn jẹ́ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ rẹ, nítorí òfin yín ni pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ mọ ẹni tó fẹ́ kọ́ lọ́jọ́ ìdánwò tẹ́lẹ̀. O kò sọ òfin yẹn fún mi nígbà tí o kúnlẹ̀. O kò ronú rárá, ohùn rẹ kò sì gbọ̀n. O ní, “Non, Madame. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Obìnrin ọjà kan ni.” Bíi pé ìyẹn kò tó, o wá fi ẹ̀rín sí i, o ní òun ni ọpọlọ rẹ̀ kú jù nínú gbogbo wọn. Tẹniọlá, Faransé ni mo fi ń ta àga kí wọ́n tó bí ọ.

O yege. O gbé búrẹ́dì àti sàdíìnì wá kí mi, o ní, “Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó bọ́ sí i.” Mo gbàdúrà fún ọ. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. Mo dúró títí a fi dé pápákọ̀ òfurufú, o dì mọ́ mi lọ́rùn, o sunkún sí mi léjìká, o kò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn rẹ, ọmọ yìí. Bí o bá ti sọ pé “Màmá, ọ̀rọ̀ kan ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn,” ǹ bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kó sì tán síbẹ̀.

Ìròyìn tó jẹ́ kí n mú gègé nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, Madame Sandrine wá bá mi ní ìsọ̀. Augustin tí ẹ jọ ṣe ìdánwò, èyí tó fìdí rẹmi, ló lọ fẹjọ́ rẹ sùn. Ó ní ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ lo gbé jókòó sí kíláàsì. Madame wá bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò gba ìwé ẹ̀rí náà padà, wọn yóò sì kọ̀wé sí ilé ìwé rẹ ní Doha. Obìnrin náà bọ̀wọ̀ fún mi. “Bonjour, Mama” ló fi kí mi, kò pè mí lórúkọ. Ọláwálé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kan ẹsẹ̀ tábìlì.

Mo rí i pé gbogbo ayé rẹ ti wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, wàá kó ẹrù padà wá sí Lomé. N kò ní purọ́ fún ọ, mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wo Madame lójú, mo ní, “Non, Madame. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ ilé ìwé kan ni.”

Ó yíjú sí Ọláwálé. Ó bi í bóyá ó mọ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹniọlá. Ọmọ mi gbé òòlù kalẹ̀, ó wò mí. N kò ṣẹ́jú sí i, n kò mi orí. Madame tún béèrè. Ọmọ mi ní, “Non. Mi ò mọ̀ ọ́n.” Madame kọ ìdáhùn wa sílẹ̀, àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, fi ọkàn balẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n a kò lè wá sílé yín ní oṣù Kejìlá mọ́. Ọjọ́ tí a bá jókòó síwájú bàbá rẹ, fọ́tò rẹ̀ yóò ti dé orí fóònù Augustin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iṣẹ́ rẹ yóò sì lọ. Mo ti sọ fún ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí pé kó má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní kó bi ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún Ọláwálé pé kó pè ọ́, pé n kò dí i lọ́wọ́. Ó ní kí lòun fẹ́ wí. Bí o bá ń pè é láti Ọjọ́bọ̀ tí kò gbé e, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló fà á.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ rẹ. Kí ọpọlọ àwọn ọmọ tí o ń kọ́ jí pépé, kó má kú bí tèmi. Kí o rí ọkọ rere níbẹ̀, ọkọ tí ìyá rẹ̀ kò jókòó sọ́jà. Kí ẹni tó bá dì mọ́ ọ lọ́rùn lónìí má sọ lọ́la pé òun kò rí ọ rí.

Èmi tí ǹ bá jẹ́ ìyá ọkọ rẹ,
Kíkẹ́lọmọ.
(O lè máa pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí. Kò sí èèwọ̀ kankan láàárín wa mọ́.)

Àfikún: Àga aláwọ pupa tí ìwọ àti Ọláwálé yàn, èyí tí mo faṣọ bò sẹ́yìn ìsọ̀ de ìgbà tí ẹ ó nílé tiyín, Madame Sandrine rí i nígbà tó ń jáde, ó sì wù ú. Ọláwálé ló gbé e sínú takisí fún un.