Èyí Tó Wúwo àti Èyí Tó Tètè Ń Gbóná

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ lásìkò, ṣé onílé rẹ ò tíì tún bẹ̀rẹ̀ wàhálà omi yẹn? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ẹni tó máa ràn ọ́ lọ́wọ́ ò ní sùn gbàgbé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ọ jẹ á ṣìnà lọ sílé ẹlòmíì, ẹlòmíì náà ò sì ní sí nílé.

Àwa níbí, a dúpẹ́. Orúnkún tó ń dun bàbá rẹ ti sàn díẹ̀, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà wọn, wọ́n sì tún ti ń bá gbogbo ayé jiyàn, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara wọ́n ti yá. Òrùlé tó ń jò lókè yàrá rẹ, wọ́n ti pààrọ̀ páànù ibẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà ti ṣí lọ sókè ibi tí mo ti ń ránṣọ, mo wá ń ránṣọ, mo ń fi ike gba omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Adìẹ dúdú yẹn ti pa ọmọ, ó sì ti di agbéraga, kò rí tẹnikẹ́ni rò mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí adìẹ ni mo ṣe jókòó kọ̀wé. Nítorí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ni. Mo mọ̀ pé o ṣì ń bínú, tàbí kó jẹ́ pé o ò bínú, ó kàn dùn ọ́ ni, èyí tó tún burú jù, torí ìbínú rẹ mo mọ bí mo ṣe ń tù ú, àmọ́ tí nǹkan bá dùn ọ́ ńṣe lo máa ń dákẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀ yẹn o ò pè wá mọ́, ìwọ tí o kì í jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kọjá. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìdajì lo mọ̀.

Ohùn méjì lo gbà sílẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ. Àwa ò mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Èyí àkọ́kọ́ ń yí po lójú fóònù, ó ń yí, ó ń yí, bàbá rẹ ní kí a fi í sílẹ̀ kó sinmi. Èkejì ló ṣí. A gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣájà, obìnrin tó ń bá wa fi iná sí fóònù ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì, torí òun ló ní sípíkà ńlá tí etí bàbá rẹ lè gbọ́. Ohun tí a gbọ́ rèé, mo ti gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí:

“Màmá, bí mo ṣe ń sọ bọ̀, méjì ló wà nílẹ̀, mi ò mọ èyí tí màá mú nínú wọn. Àkọ́kọ́, ọpọlọ ẹ̀ yá, ojú ẹ̀ fẹ̀, ó sì mọ́ kedere, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ pọ̀, ó wúwo, tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ ńṣe ló máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èkejì fúyẹ́, ó rẹwà, owó ẹ̀ ò tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó tètè máa ń gbóná, ó sì ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan rí. Ẹ bá mi rò ó, torí èyí tó máa bá mi pẹ́ ni mo fẹ́.”

Ìwọ náà wò ó. Níbo ni kọ̀ǹpútà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èdè wa ló fà á. Ènìyàn, “ó” ni. Àga, “ó” ni. Ewúrẹ́, “ó” ni. Kọ̀ǹpútà náà tún ni “ó”. Kódà “ó” yẹn ni mo fi ṣe ẹ̀rí, mo sọ fún bàbá rẹ pé ọkàn mi balẹ̀, kì í ṣe bàbá arúgbó kan ló fẹ́ fẹ́ ọ, torí tó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ọmọ tí mo kọ́ á pè é ní “wọ́n”.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ọkọ fún ọ ní ìsọ̀ Ìyá Ṣájà nìyẹn. Bàbá rẹ ní ẹni tó wúwo ni kí o mú, pé ọkùnrin tó fúyẹ́, bí ìṣòro bá dé báyìí, ó ti sá lọ. Mo ní hẹlẹhẹlẹ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní dókítà wà, pé ó kéré tán ẹnu iṣẹ́ ló ti ń mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe lórí ìjókòó, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìyá Ṣájà ní owó rẹ̀ pọ̀, kí la tún ń wá. Ní ti èkejì, èmi ni mo kọ̀ ọ́. Ẹni tó tètè máa ń gbóná, tó ti wà lọ́wọ́ obìnrin kan tí obìnrin náà sì dá a padà, mo ní ó ní ohun tí obìnrin yẹn rí. Mo sunkún díẹ̀ torí inú mi dùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o, àfi ìyàwó bíríkìlà aládùúgbò wa, àti àwọn tí ó lọ sọ fún.

Ni mo bá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà, mo pè ọ́, mi ò sì jẹ́ kí o kí mi tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní mú èyí tó wúwo. Mo ní owó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní ìgbà wo ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá mọ̀ wá. O rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ. O ní, “Màmá, kọ̀ǹpútà ni mo ń sọ, kọ̀ǹpútà eré.” Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìyàwó bíríkìlà sì dúró tì mí níbẹ̀ tó na etí, ni mo bá sọ ohun tí mo sọ: “Eré? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọkọ, ìwọ ń wá kọ̀ǹpútà eré?” O ní, “Ó dáa, Màmá.” Ohùn rẹ ti lọ sílẹ̀. O ní kí n bá ọ kí bàbá rẹ, o sì pa fóònù. “Ó dáa” yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀ Ìyá Ṣájà, ó ní dátà ló tán tí ohùn àkọ́kọ́ ò fi ṣí. Mo sáré lọ gbé ìgò wá láti ilé, torí mo rò pé nǹkan tí wọ́n ń dà sínú fóònù ni. Ó wo ìgò náà, ó wò mí, ó kàn bá wa ra dátà náà lórí fóònù tirẹ̀. Ohùn náà ṣí. Bàbá rẹ ti padà síbi iṣẹ́, èmi ni mo gbọ́ ọ. O ní o ti ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń rà, pé ìwọ ni wọ́n á máa gbé eré náà fún kó tó jáde, kí o ṣe é títí, kí o wá ibi tí kò ti dára nínú rẹ̀. O ní kálukú ló ń mú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, pé kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ ò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀, pé gbogbo ohun tí o ti ń tọ́jú pamọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lè rajà, tí o bá wá ṣi èyí rà, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà lo wá sọ pé: “Ẹ̀yin lẹ yan ẹ̀rọ ìránṣọ yín kí ẹ tó bí mi, kò sì tíì já yín kulẹ̀. Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n yàn? Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè bi.”

Mo jókòó. Ìyá Ṣájà ní ṣé kí òun bu omi fún mi. Ọmọ mi, mo ti rò pé ìwé tí o kà ti gbé ọ kọjá ibi tí ọwọ́ mi lè dé, pé ohun tó kù láàárín wa ò ju kí ìwọ fi owó ránṣẹ́, kí èmi fi àdúrà ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé ohun kan ṣì wà tí o lè bi mí. O sì bi mí, èmi wá ń dáhùn ohun tí o ò bi mí. Ó dùn mí gan-an.

Jẹ́ kí n wá dáhùn báyìí. Mo ní kí Ìyá Ṣájà ṣàlàyé ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà eré fún mi, ọ̀sán kan gbáko ló gbà á. Ó ní ó ní ọpọlọ, ó ní ìrántí, ìrántí náà sì ní iye, òmíì mẹ́jọ, òmíì mẹ́rìndínlógún. Mo bi í pé nǹkan mẹ́rìndínlógún wo ló ń rántí. Èmi tí ìwọ̀n aṣọ gbogbo oníbàárà wà lórí mi, tí mo tún mọ ẹni tó ti sanra nínú wọn tí kò fẹ́ gbà, kò sẹ́ni tó kọ iye kan sí mi lára. Ṣùgbọ́n ra mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó jẹ́ pé nǹkan mẹ́jọ péré ló ń rántí, bó bá ti rántí tirẹ̀ tán, kí ló kù fún ìwọ? Ó ní káàdì àwòrán tún wà, pé tí káàdì yẹn bá kéré, àwọn tó wà nínú eré náà á máa fà bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ẹ̀rọ ń fi káàdì ṣe, nígbà tí bàbá rẹ gan-an ò tíì rí káàdì ìdánimọ̀ tiwọn gbà. Àmọ́ kí o tó sanwó, ní kí wọ́n mú káàdì náà jáde, kí o fi àwòrán ara rẹ̀ wé kọ̀ǹpútà náà dáadáa bóyá òun ni.

Bí mo ṣe yan ẹ̀rọ mi nìyí. Mi ò wo àwọ̀ ara rẹ̀. Mo jókòó tì í ní ìsọ̀ ẹni tó ń tà á, mo ní kó jẹ́ kí n fi ránṣọ wò, aṣọ tó nípọn ni mo sì gbé sí i, torí kò sí ẹ̀rọ tí kò lè rán aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà ń fojú lé mi, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, mo gbé ọwọ́ lé e lára, mo fetí sí ohùn rẹ̀. Mo wá ní kó ṣí ikùn rẹ̀ fún mi, kí n mọ̀ bóyá tí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀, a lè rí òmíì fi rọ́pò. Èyí tí kò ṣeé ṣí, mo fi sílẹ̀ fún un. Ìwọ náà, gbé eré tó le jù fún kọ̀ǹpútà méjèèjì, má fún un ní eré ọmọdé, jẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀, kí o wá gbé ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Hẹlẹhẹlẹ yẹn, fáànù ni, mo ti bèèrè. Ó ń rí ibi mí nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ ò rí ibi mí, wọ́n ti fún un jù nítorí ẹwà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná. Bi ẹni tó ti lò ó rí pé kí ló dé tó ń tà á, kí o máa wo ojú rẹ̀ tó bá ń dáhùn. Ní ti pé àkọ́kọ́ wúwo, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Mo gbé ìwọ náà kiri, o wúwo jù ú lọ. Ṣé o rí i, èyí tó yẹ náà ni bàbá rẹ àtèmi mú, ọ̀nà tí a gbà débẹ̀ nìkan ni ò tọ́.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n ń sanwó fún ènìyàn láti ṣeré, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Wọ́n ní wọ́n ti tètè bí àwọn jù. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń gba àgbàlagbà. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó bá wá ṣe ilẹ̀kùn ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn ló ń yẹ eré wò fún gbogbo ayé, tó bá ti ní kò dára, kò ní jáde.

Ní ti ọkọ, mi ò ní purọ́ fún ọ, ó wù mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi dí ọ lọ́nà mọ́. Bó bá dé, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, bí kò bá sì dé, odidi ọmọ ni mo bí, n kò bí ààbọ̀. Ìyàwó bíríkìlà bi mí lánàá pé ọkọ ìyàwó wa ńkọ́. Mo ní ó wà, orí rẹ̀ pé, ó ń mí dáadáa, a ṣì ń wò ó.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí, fi kún ti kọ̀ǹpútà. A ní ohun tí a máa jẹ, omi òrùlé náà ò sì tíì kún ike. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù tó ń bọ̀, má sọ pé èmi ni mo ní kí o má fi ránṣẹ́ mọ́ o, oṣù kan ni mo sọ, kí o sì bá mi fi owó páànù àti ti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ lé e. Má gba bánkì yẹn fi ránṣẹ́. Mo kí obìnrin tó wà nínú fóònù wọn dáadáa, kò jẹ́ mi, ó kàn ń ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ṣájà ni kí o fi í sí.

Ọlọ́run á bá ọ yan èyí tó dára. Èyí tí o bá mú, á bá ọ kalẹ́. Kò ní gbóná mọ́ ọ, kò ní dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, olè ò ní rí i, ìrántí rẹ̀ ò ní dín. Eré tí o fẹ́ lọ máa ṣe yìí, èrè ni yóò jẹ́ fún ọ.

Tí o bá ka ìwé yìí tán, má kọ èsì. Pè mí. O ò ní láti sọ pé o ti dárí jì mí, má tilẹ̀ mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn. Ṣáà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, màá dákẹ́, màá jẹ́ kí o sọ ọ́ tán.

Èmi ìyá rẹ tó bí ọ, tó ń retí kí o tún bi òun léèrè.