Ìkíni Tí Mo Kọ́ Ẹyẹ Igbó

Tùmínínú ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìjókòó ọ́fíìsì, mo kí ọ kú ooru àdúgbò Plaine Orety. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì sunkún èkejì kí a tó jókòó ti abọ́ kan jẹun. Àlàáfíà ni mo wà ní PK12 níbí, ní ìpẹ̀kun Libreville, àfi orúnkún, orúnkún kì í sì í ṣe ìròyìn.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀ fún ọ, nítorí o kò bi mí rí, n kò sì fi ìyẹn bínú. Tí mo bá dé ibi iṣẹ́, mo máa ń bọ́ bàtà, mo máa ń fi ẹsẹ̀ sínú omi oògùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí n má baà kó àìsàn wọlé fún àwọn ẹyẹ. Lẹ́yìn náà màá gé ìbẹ́pẹ wẹ́wẹ́, kó má ju éékánná àtàǹpàkò lọ. Màá ju ẹyìn méje sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Màá wá ya ìwé ìròyìn àtijọ́, màá fi ẹ̀pà mẹ́ta mẹ́ta sínú rẹ̀, màá lọ́ ọ lẹ́nu, màá há a sí àárín wáyà, kí ẹyẹ ṣiṣẹ́ kó tó jẹun. Odídẹrẹ́ tí kò bá níṣẹ́ a máa fi ẹnu ara rẹ̀ fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu, títí àyà rẹ̀ yóò fi dà bíi ti adìẹ tí a ti rì bọ omi gbígbóná. Ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ nìkan ni kò ní. Ìgbà tí mo bá há ìwé tó kẹ́yìn tán ni mo máa ń kí wọn. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Má rẹ́rìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí báyìí. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rèé tí o ti mú mi wá láti Ìgbòho lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, tí o gba yàrá fún mi níbí nítorí pé ilé tìrẹ kéré. Yàrá náà dára, Ọlọ́run á dá a padà fún ọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju ògiri lọ. Fuad ló yọ mí, ọmọ Nàgó ará Benin tó ń gbé yàrá kejì. Ó ní ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú odídẹrẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń jí wọn tà, ń wá àwọn obìnrin tí wọn yóò kọ́ níṣẹ́. Àwa mẹ́rin ni wọ́n gbà. Àwọn mẹ́ta yòókù kò tíì bímọ. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, n kì í béèrè nǹkan kan, nítorí Faransé mi kò ju kí n fi ra búrẹ́dì lọ, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran. Ẹyẹ kan wà tí wọn kò mọ ìdí tó fi ń já ara rẹ̀ jẹ. Èmi ni mo rí i pé ìgbà tí ẹnì kan bá jáde tó ti ilẹ̀kùn ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Fuad, Fuad sọ fún Màdáàmù Marie-Claire ọ̀gá wa, Màdáàmù sì bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní èmi ni kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Ilé ọtí kan ni wọ́n ti rí ẹyẹ yìí, wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àga. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni ariwo tí ọkọ̀ àjàgbé máa ń pa tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé àpótí ìjókòó mi kúrò lọ́nà kí ọkọ̀ náà lè kọjá. Nọ́ńbà Mẹ́rìnlá ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Mo ní ta ló ń fi nọ́ńbà pe ẹlẹ́mìí? Mo fún un ní oríkì rẹ, Àpèkẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ń lò ó. Ní ọ́fíìsì rẹ, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé o ní oríkì.

Wọ́n kọ́ mi pé kí n má tẹjú mọ́ ọn, kí n máa fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ọn, kí n máa rọra ṣẹ́jú. Tó bá fẹnu kan orí igi tí mo nà sí i, kí n fún un ní ẹ̀pà. Tó bá bu mí jẹ, kí n má pariwo. Ọjọ́ kọkànlélógún ló gba ẹ̀pà lọ́wọ́ mi ní pẹ̀lẹ́. Kó tó di ìgbà náà, ó ti gba ẹran díẹ̀ lára ìka mi. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìyẹ́ ti ń hù láyà rẹ̀, ó dà bí eérú tí atẹ́gùn fẹ́ síbẹ̀.

Òfin kan wà, Fuad sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀, nítorí igbó ni wọ́n ń padà lọ, ẹyẹ tó bá fẹ́ràn ohùn ènìyàn yóò bà sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mú un. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀, Tùmínínú. Ọ̀rọ̀ ni kí a jókòó máa sọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Kí ènìyàn wọlé bá ẹlẹ́mìí láàárọ̀, kó kọjá bí ẹran, ta ló kọ́ onítọ̀hún nílé? Mo ń kí i. Mo ní Àpèkẹ́, ṣé o jí ire? Màá sì bá a dá ara mi lóhùn pé ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí ire? Lọ́jọ́ kan, ó tẹrí ba, ó dá mi lóhùn pé ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Láti ọdún kan, ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kí n tó kí i nìyẹn.

Ìwé kan sì wà tí wọ́n ń pè ní fíṣì, tí a ń kọ ìwà ẹyẹ sí lójoojúmọ́. Lórí ìlà kan wọ́n ya ẹnu ẹyẹ tó là sílẹ̀. Fuad ní tí ẹyẹ bá ti sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, kí n fa igi kan síbẹ̀. Mo fa igi. Àwọn ẹyẹ yòókù kò ní ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ti Àpèkẹ́ dà bí ọgbà tí wọ́n fi pákó yí ká. Máàkì ni mo pè é. Mo ti ń gbèrò pé òun ni yóò ṣe ipò kìíní. Lọ́jọ́ tí igi bá kéré, màá tún padà lọ kí i, kó má baà fìdí rẹmi.

Ohùn tí o máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpèkẹ́ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára níbẹ̀. Mo máa ń dá ọ lóhùn, mo máa ń ní kú iṣẹ́ ọmọ mi, ṣé o ti jẹun, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni o máa ń dákẹ́. Fuad ní mo gbọ́dọ̀ tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ kí o tó lè gbọ́. N kò mọ̀ pé a máa ń tẹ nǹkan kí ọmọ ẹni tó gbọ́ ẹni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ohùn náà kò yí padà: Maman, on se voit dimanche. Fuad ló sọ fún mi pé Màmá, a ó ríra lọ́jọ́ Àìkú ni o wí.

Lánàá ni ìdánwò. Wọ́n kó ẹyẹ méje sínú ilé wáyà ńlá, wọ́n ní kí ọkùnrin kan tí wọn kò rí rí wọlé. Ẹyẹ tó bá sá lọ sókè ti yege, yóò sì bá ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì lọ sí igbó. Ọkùnrin náà wọlé, ẹyẹ mẹ́fà fò lọ lẹ mọ́ òrùlé. Àpèkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn tọ̀ ọ́ lọ bí ọmọ tó níwà, ó tẹrí ba, ó ní ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí ire? Fuad rẹ́rìn-ín títí ó fi di wáyà mú, ó ní Ìyá, ẹ ti sọ ẹyẹ igbó Gabon di ọmọ Ọ̀yọ́. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, mo ti ń wojú Màdáàmù pé kó tún bọ̀ mí lọ́wọ́. Màdáàmù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n mú fíṣì wá. Ó wo àwọn igi mi, ó béèrè ẹni tó fà wọ́n. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ibẹ̀ ni Fuad ti ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ibẹ̀ náà ni Àpèkẹ́ ti ṣí ẹnu tó fi ohùn rẹ, ohùn rẹ gan-an, sọ pé Maman, on se voit dimanche. Màdáàmù gbọ́ ìyẹn. Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé ta ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Fuad túmọ̀ rẹ̀. Mo na ìka sí fóònù tó wà lápò mi.

Wọn kò lé mi. Ì bá sàn kí wọ́n lé mi. Màdáàmù ní wọn yóò fún ẹyẹ náà ní oṣù mẹ́ta sí i. Tí kò bá gbàgbé wa, inú wáyà ni yóò wà títí ayé rẹ̀, ó sì lè lo ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wò ó, Tùmínínú, màá ti kú, yóò sì wà níbẹ̀ tí yóò máa béèrè ṣé ẹ jí ire lọ́wọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Màdáàmù ní ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á ni kí ẹni tó fẹ́ràn jù máa wọlé, kó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kó má dá a lóhùn, bó ti wù kó kí i tó, títí yóò fi rí i pé ìkíni kò mú nǹkan kan wá. Ó ní tí n kò bá lè ṣe é, ibi ìfọbọ́ wà fún mi, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì. Kì í ṣe pé n kò mọ òdì í yàn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ti ṣe é rí.

Zulaikha ọmọ dáadáa, tó bá jẹ́ ìwọ lò ń ka ìwé yìí, tí o ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún Tùmínínú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ní ọjà Mont-Bouët, dúró níbí, dá a padà fún un, kí o lọ dá oníbàárà rẹ lóhùn. Tùmínínú, fi ìka tẹ̀ lé e fúnra rẹ. Mo kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, mo sì lo ọ̀rọ̀ kékeré.

O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ wá mú ọ. Ọkọ̀ dúró lóde. Ó ní tí o bá gbọ́ ohùn mi, o kò ní lọ. Ó ní kí n má dá ọ lóhùn. Mo wọ ilé ìdáná. O pè mí. O ní ìyá mi, ó dàbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni o pè. Mo di òpó mú. N kò dáhùn. Ọkọ̀ lọ. O rò pé n kò sí nílé. Mo wà nílé.

Zulaikha, o lè máa kà á lọ. Bàbá rẹ kò purọ́, ọgbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́. O kò sunkún dé Libreville, o mọ̀wé, o gba iṣẹ́, o gbàgbé èdè wa. Àbámọ̀ tí mo ní kò pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Àbúrò mi Akíndàmọ́lá kọ̀wé láti ilé pé ìjì ṣí páànù ilé ìdáná náà lọ, òpó rẹ̀ nìkan ló kù. Mo ní kó má tún un kọ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ̀ ẹ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Sandrine, ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ agbòjò lẹ́bàá títì wa, tó ń bá wa gba owó orí fóònù, kí n fi ra káàdì fóònù. Mo ti yẹ dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ wò, n kò rí owó rẹ tó kọjá níbẹ̀, ó ní inú fóònù ló wà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bá mi kìlọ̀ fún un kó má jẹ́ kí fóònù náà bọ́ sómi.

Kí Ọlọ́run má fi ọ́ sí ibi tí o ti máa pe ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ́. Kí o bímọ tí yóò dá ọ lóhùn. Èmi ni ìyá rẹ.

Lọ́la, màá bọ́ bàtà, màá fi ẹsẹ̀ sínú omi oògùn. Màá gé ìbẹ́pẹ, màá lọ́ ẹ̀pà sínú ìwé. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tẹrí ba, yóò ní ẹ káàárọ̀ mà. Màá há ìwé tó kẹ́yìn sí àárín wáyà, màá jáde, màá ti ilẹ̀kùn. Màá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà títí yóò fi ṣíwọ́ pípè mí. Lẹ́yìn náà màá pe nọ́ńbà rẹ, kì í ṣe láti fi ohùn ránṣẹ́ o, tí o bá sì gbé e, màá kí ọ.